Ẹni Tó Ń Lu Ògiri

Aránṣọ ni gbogbo ojúlé ń pè é, òun náà ló sì ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, bíríkìlà tí orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn tí ilé tí wọ́n ń kọ́ wó. Fífún un lóògùn ò sú u. Àìsùn ò sú u. Àlàyé àwọn èèyàn ló sú u.

Lọ́sàn-án yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tí wọ́n ń pè ní bàbá, àti àǹtí wọn, àbúrò ìyá wọn, ti tún dé. Èèyàn méjì péré, wọ́n kún pálọ̀. Ọmọ náà ti fi òòlù dá ihò sí ògiri yàrá rẹ̀, wọ́n sì wá pinnu bóyá kí wọ́n mú un kúrò nílé. Ìyá tó bí i ní orí ń fọ́ òun, ó dìde kúrò láàárín wọn.

"Ọwọ́ ayé ni," ni bàbá wí.

"Ayé wo? Igbó ni," ni àǹtí fèsì. "Ta ni nínú wọn tí kì í fa igbó?"

"Kò fà á rí, ẹ̀yin náà mọ̀," ni Aránṣọ sọ. "Ohun tójú ẹ̀ rí ni. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ojú òun nìkan ni ilé ti wó ni?" ni àǹtí bi í. "Àwọn tó kù ń ṣiṣẹ́ wọn."

Aránṣọ ti bi dókítà ní ìbéèrè yìí kan náà. Dókítà ní ẹrù kan náà kì í wúwo bákan náà lórí gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Àwọn wọ̀nyí á wò ó tán, wọ́n á gba ilé wọn lọ.

Àbúrò rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ kan ló jọ máa ń ṣiṣẹ́. Ariwo ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra, nítorí náà bí ọ̀kan bá nílò èkejì, irin tí wọ́n fi ń rẹ́lé ló máa fi lu ògiri: kò-kò, kò. Lọ́jọ́ tí ilé wó, àbúrò rẹ̀ gbọ́ kò-kò, kò náà láti abẹ́ àwókù. Ó pariwo títí. Ọ̀gá wọn ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa hú ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde, ó ti kú. Gbogbo wọn ní ojú ẹsẹ̀ ló kú. Aránṣọ náà ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kó lè rí oorun sùn.

Ọmọ náà yọjú sí pálọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnì kan ń lu ògiri."

"Kò sẹ́ni tó ń lu nǹkan kan. Lọ jókòó."

"Ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi dá a lóhùn."

"Mo ní kò sí. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n sọ ọ́?"

Bàbá pòṣé. "Ẹ ò rí i bí?" Ni wọ́n bá padà sórí ìjà wọn, ayé níhìn-ín, igbó lọ́hùn-ún. Nígbà tí Aránṣọ fi máa gbójú sókè, àbúrò rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ tòun ti òòlù. Ó sáré lọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé o fẹ́ wó ilé yìí náà lé wa lórí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun òun fúnra rẹ̀ bó ṣe ń jáde. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìgbà náà ló wá gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn: kò. Kò.

Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà, kò ṣí. Ó tú ọwọ́ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. "Fọ́ ọ," ló sọ.

Nígbà tí ilẹ̀kùn já, ìyá wọn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá. Ó ti yọ̀ ṣubú, kò lè dìde, abọ́ ọṣẹ tó fi ń lu ògiri ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo pè títí," ló wí, ohùn rẹ̀ ti há. "Ariwo yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́."

Bàbá àti àǹtí dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọmọ náà ò wò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. "Ti ọjọ́ yẹn ńkọ́?"

Aránṣọ fẹ́ sọ pé ojú ẹsẹ̀ ló kú, bó ṣe máa ń sọ. Ó wo abọ́ ọṣẹ náà.

"Ọ̀rẹ́ rẹ ń lù ú," ó ní. "O gbọ́ ọ. Wọn ò dá ọ lóhùn ni."

Ọmọ náà gbé òòlù lé e lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ìyá wọn dìde.