Bọ́ọ̀lù Tí Màmá Darcy Wá Wò

Iṣẹ́ Darcy Pengelly ni kó jókòó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ajubọ́ọ̀lù ìrọ́pò ni nínú bésíbọ́ọ̀lù. Bó bá ti rẹ ẹni tó ń jù ú lórí pápá, tẹlifóònù á dún níbi tí a jókòó sí lẹ́yìn ọgbà, Darcy á dìde, á máa ju bọ́ọ̀lù sí èmi Clem, tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti máa hán bọ́ọ̀lù, kí apá ẹ̀ lè gbóná. Tó bá gbóná tán, wọ́n á ní kó jókòó padà. Ọdún mẹ́tàlá ló fi gbóná kiri Amẹ́ríkà bí omi tí ẹnikẹ́ni ò rántí fi ro ọkà, kó tó padà wá sílé, sí Adelaide.

Ẹ̀ẹ̀meje ni màmá ẹ̀, Glenys, ti wakọ̀ wá láti ìlú Moonta tó jìnnà kó lè rí ọmọ ẹ̀ níbi tó ti ń ju bọ́ọ̀lù. Lẹ́ẹ̀meje, Darcy gbóná, Darcy jókòó. Ọjọ́ Sátidé yìí ló máa fẹ̀yìn tì. Ó sọ fún mi pé òun ò bẹ Ọlọ́run fún ife ẹ̀yẹ, kí màmá òun ṣáà rí òun lẹ́ẹ̀kan.

Oòrùn ọ̀sán Sátidé náà mú débi pé koríko pápá ń mì lójú bí ẹni pé ó wà lábẹ́ omi. Àwọn ẹyẹ òkun dúró láàrin ẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ẹni tó pè wọ́n. Tẹlifóònù dún. Abala ìkẹyìn la wà, ayò dọ́gba, ó ku ẹnì kan péré ká lé jáde kó tó kan tiwa, asáré wọn kan sì wà ní ibùdó kìíní. Wọ́n ní kí Darcy wọlé.

Ó rìn wọ pápá bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Mo rí Màmá Glenys tó dìde dúró, mítípáì ẹ̀ ń tutù lọ́wọ́.

Darcy gun òkìtì tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù. Ó wo ẹni tó mú igi dání. Lójijì ó yí padà, ó ju bọ́ọ̀lù sí ibùdó kìíní. Ọwọ́ ẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe òun. Asáré tó ti ń yọ́ lọ síwájú bí ẹni fẹ́ jí adìẹ ò ráyè padà kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Ó jáde. Ó kan tiwa, a gbá a, a jẹ ayò kan, a borí. Nínú eré wa, ajubọ́ọ̀lù kan ni wọ́n máa ń kọ ìṣẹ́gun sí lórúkọ. Darcy ni wọ́n kọ, ọkùnrin tí kò ju ẹyọ bọ́ọ̀lù kan sí onígi.

A gbé e sókè. Ojú ẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń sìnkú bọ̀. Ó lọ bá màmá ẹ̀ létí wáyà.

"Màmá, ẹ máà bínú. Mi ò jù ú."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n bọ́ ìbòjú irin mi wá, kí n fi ìbọ̀wọ́ mi kún un. Eré ni mo pè é. Ó dé irin náà lé irun funfun ẹ̀, ó jókòó sórí kúlà ọtí wa, ó na ọwọ́ síwájú.

Pápá ti dá. Darcy padà sórí òkìtì. Bọ́ọ̀lù náà rọra ń bọ̀, ó pẹ́ lófuurufú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí òwú pupa tí wọ́n fi rán an. Ó wọ ìbọ̀wọ́ Màmá, jẹ́jẹ́.

Màmá yọ bọ́ọ̀lù náà jáde, ó yí i wò. "Ṣé torí èyí lo ṣe fi mí sílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá?"

"Màmá, mo rọra jù ú ni."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?" Ó jù ú padà. Ó dún nínú ìbọ̀wọ́ Darcy débi pé àwọn ẹyẹ òkun fò. "Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo wakọ̀ yẹn. Jù ú."

Darcy gbọn ọwọ́ tó ń ta á, ó gbé ẹsẹ̀ sókè.