Bẹ́ńṣì Tó Ṣófo

1.

…ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ó ní ọ̀gá kan wá láti iléeṣẹ́ ìlera, ó yọjú sí yàrá tí a ti ń dúró de dókítà, bẹ́ńṣì lásán ló rí. Ó ní, "Àwọn aláìsàn dà?"

Ẹ̀ṣọ́ ní òun rẹ́rìn-ín. Òun rò pé ọ̀gá ń yìn wá ni.

2.

ÌKÉDE (lára ògiri ilé ìwòsàn)

ÌWÁDÌÍ LÓRÍ ÌTỌ́JÚ KÍÁKÍÁ. ÌJỌBA LÓ Ń NÁWÓ SÍ I.
MÁ WÁ TÒ. DÚRÓ SÍLÉ.
A Ó FI ÀTẸ̀JÍṢẸ́ PÈ Ọ́ NÍGBÀ TÓ BÁ KÀN Ọ́.
ẸNI TÍ ÀÌSÀN RẸ̀ LE JÙ NI YÓÒ KỌ́KỌ́ WỌLÉ.

3.

Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe ìwádìí náà, Ìyá Aago là ń pè é. Ó ní bẹ́ńṣì kì í wo àìsàn.

Kí ó tó dé, ìdájí la ti ń lọ tò. Orí bẹ́ńṣì yẹn ni oyún àkọ́kọ́ ti bọ́ lára àbúrò mi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, kò sẹ́ni tó mọ̀. Èèyàn ṣì pọ̀ níwájú rẹ̀.

4.

Ó ti tún lóyún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tún ń ru.

5.

Àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù àbúrò mi. Mo fi ìka tẹ̀lé e, mo kà á sókè, nítorí àgbà ni mo tó kọ́ ìwé, kíkà ṣì ń dùn mọ́ mi:

"Ìyá, ó kàn yín. Ẹ máa bọ̀."

A lọ, a wọlé, a jáde. Ẹ̀wà tí mo gbé kaná kò tíì rọ̀ nígbà tí a padà dé.

6.

Ìyá Aago ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Mo wà níbẹ̀.

Ọ̀GÁ: Mo wá, mi ò rí èèyàn.
ÌYÁ AAGO: Ohun tí ìwádìí náà wà fún gan-an nìyẹn, sà. Ilé wọn ni wọ́n wà.
Ọ̀GÁ: Aláìsàn tó jókòó sílé, ṣé aláìsàn nìyẹn?
ÌYÁ AAGO: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àbájáde tí mo fi ránṣẹ́.
Ọ̀GÁ: Ìròyìn ò tó àfojúbà, madam. Màá padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí mi ò bá rí èèyàn, owó dúró nìyẹn.

Bí owó bá dúró, àtẹ̀jíṣẹ́ dúró. A padà sórí bẹ́ńṣì.

7.

Kì í ṣe Ìyá Aago ló rán wa.

8.

Télọ̀ tó wà ládùúgbò wa ló dá a lábàá: "Ṣé èèyàn ló fẹ́ rí? Àwa ńkọ́, ẹran ni wá?"

4.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tún ń ru.

9.

ÀWỌN TÓ WÁ LỌ́JỌ́ ÌṢẸ́GUN, ÀTI OHUN TÓ Ń ṢE WỌ́N

Télọ̀: ẹ̀yìn ríro.
Ọkọ télọ̀: ó ní télọ̀ gan-an ni àìsàn òun.
Bíríkìlà àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: ikọ́. Wọ́n ń wú u pọ̀ bí ẹni ń kọrin.
Ìyá arúgbó ojúlé kejì: kò sí nǹkan. Ó ní òun ò lè purọ́ lọ́jọ́ ogbó, òun kàn máa jókòó.
Èmi: orí fífọ́. Nígbà tó yá, ó di òótọ́.

10.

Bẹ́ńṣì kún. Ilẹ̀ kún. Ẹnu ọ̀nà kún.

11.

Ọ̀GÁ: Kí lèyí?
TÉLỌ̀: Aláìsàn ni wá, sà. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.
Ọ̀GÁ: Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé ìwádìí yín ti lé ìlà lọ?
ÌYÁ AAGO:

(Ojú wa ló ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan.)

Ọ̀GÁ: Owó ìjọba wọlé, èèyàn ṣì ń jìyà lórí bẹ́ńṣì. Kí la wá ń náwó sí?
BÍRÍKÌLÀ: Ikọ́ wa ti lọ, sà.

12.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọ fóònù àbúrò mi láàárọ̀ ọjọ́ náà:

"Ìyá, ó kàn yín. Ẹ tètè máa bọ̀."

13.

Ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi. Wọ́n ti pè mí.
Ohùn kan láàárín wa: Àǹtí, gbogbo wa la tètè dé. Tò sẹ́yìn.

Àbúrò mi tò sẹ́yìn.

4.

Ẹ̀jẹ̀.

14.

Ìyá arúgbó ló kígbe pé àbúrò mi ti ṣubú. Ìyá Aago là wá kọjá bí ẹni ń la igbó. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló ti wọn ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi. Ó wo ẹ̀rọ. Ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Ẹ gbé e."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

15.

Mo sáré tẹ̀lé ọ̀gá dé ìdí mọ́tò.

ÈMI: Sà, irọ́ ni. Ara wa le. A kàn wá jókòó kí ẹ lè rí èèyàn ni.
Ọ̀GÁ: Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn nínú gbogbo yín?
ÈMI: Ẹnì kan ṣoṣo. Àbúrò mi. Ó wà nínú yàrá.
Ọ̀GÁ: Nígbà àkọ́kọ́, èèyàn ò sí. Lónìí èèyàn wà, àìsàn ò sí. Ìyá, èwo ni kí n lọ sọ?
ÈMI: Ẹ sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi. Ẹ padà wọlé, ẹ dúró kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ẹ ó fojú ara yín rí i.
Ọ̀GÁ: Mi ò ráyè dúró.

16.

Mo di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Awakọ̀ ní kí n fi í sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Wọn ò tíì ṣí yàrá.

Mọ́tò yí lẹ́nu géètì. Mo pe ọ̀gá. Mo tún pè é. Mo rí ẹ̀yìn orí rẹ̀ nínú gíláàsì. Kò wẹ̀yìn.