Àbẹ́là Méje Tó Kù

Wándé Akíndúró kì í gbélé, ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń fi básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù jẹun. Ó gbá a ní Kánò, ó gbá a ní Kútọnú, ó gbá a dé Kìgálì. Ẹgbẹ́ mọ́kànlá ló ti lò ó, kò sì sí èyí tó pé ọdún méjì níbẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń pè nígbà tí ẹlòmíràn bá fẹsẹ̀ rọ́, tí ẹsẹ̀ onítọ̀hún bá sì ti san, Wándé á tún di ẹrù ẹ̀.

Ní báyìí, ó ti wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Agbowó, orúnkún sì ń dà á láàmú. Àmọ́ ẹgbẹ́ tuntun kan ní Ring Road fẹ́ gbà á fún ọdún mẹ́ta gbáko. Á lè máa sùn nílé, áà! Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ yìí kì í gba ẹni tó bá ti kọjá ọdún márùndínlógójì. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ìwé Wándé wí pé ó máa pé lọ́dún yìí. Òun fúnra ẹ̀ ló gé ọdún méje kúrò nígbà tó ń lọ Kútọnú, bí àwọn ojúgbà ẹ̀ ti ṣe.

Kóòṣì Ayẹni, ẹni ọdún méjìdínlógójì, kò fura rárá. Ó ń pè é ní àbúrò, ó ń rán an ní omi. Ó ní òun á wá kí Màámi, ìyá Wándé, ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé lẹ́yìn ìsìn.

Ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an ni Wándé pé ogójì ọdún. Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ tí gìrì ń mú un, Màámi jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú pẹpẹ ìjọ aládùúrà wọn pé bó bá pé ogójì, òun á tan ogójì àbẹ́là, ọ̀kan fún ọdún kan. Wándé bẹ̀ ẹ́ kó tan mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Màámi ò bá a jà. Ó kàn bi í pé ọdún méje wo ni kí òun yọ.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, Wándé bọ́ bàtà ńláńlá ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀ lé ìyá ẹ̀ lọ síwájú. Wòlíì sọ fún ìjọ pé àbẹ́là kan fún ọdún kan ni. Màámi tàn wọ́n dé ìkẹtàlélọ́gbọ̀n, ó dúró. Àwọn méje tó kù wà nínú bébà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Wándé gbọ́ tó ń bẹ Ọlọ́run wúyẹ́wúyẹ́ pé ẹ̀bi òun ni, kó má wo ti ọmọ òun.

Àánú ìyá ẹ̀ ṣe é, ojú tara ẹ̀ tì í. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, obìnrin yìí nìkan ló ń ka ọdún ẹ̀ láìfo ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú àwọn méje náà, ó tàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí Kóòṣì Ayẹni lórí ìjókòó kẹta, tí ètè ẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà wọ́n.

Lẹ́yìn ìsìn, Kóòṣì bá a níbi tó ti ń wọ bàtà, ìwé wà lábíyá ẹ̀. Ó tẹríba.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mi ò lè fún yín níwèé yìí mọ́.” Ó tún tẹríba. “Ẹ sì darí omi tí mo ń rán yín jì mí.”

Wándé ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí Kóòṣì lọ tán, ó fẹ́ so okùn bàtà, orúnkún tó ti le nígbà ìsìn ò jẹ́ kó tẹ̀ba. Màámi jáde, ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀, ó gbá okùn náà mú.

“Gbé ẹsẹ̀ wá,” ó ní. “O ti dàgbà.”