Ẹni Tó Di Okùn Mú

Ìlà tín-ín-rín kan ti sá gba orí ilẹ̀ kọjá, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka fa ìlà sórí ìyẹ̀fun. Ìyàwó agbẹ́kànga tẹjú mọ́ ọn. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó gbé garawa tó kẹ́yìn sókè. Ẹnu kànga ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kọrí sí ìdí ògiri ọgbà, erùpẹ̀ gbígbẹ sì ń já sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ọkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kànga náà jìn tó ènìyàn mẹ́jọ tí wọ́n gun èjìká ara wọn. Òkété ni àwọn ará àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, òun náà a sì máa fi rẹ́rìn-ín pé ó sàn kí wọ́n pe òun ní Òkété ju kí wọ́n pe òun ní ọ̀lẹ lọ. Kò rẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí. Onílé ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé bí omi ò bá yọ kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀ ni òun yóò gbé iṣẹ́ náà fún. Erùpẹ̀ tó jáde kẹ́yìn sì tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Kànga jíjìn máa ń sọ ọ̀rọ̀ di ariwo lásán, nítorí náà okùn tí ọkọ so mọ́ ìbàdí ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹni òkè bá fà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni ìsàlẹ̀ dúró. Lẹ́ẹ̀mejì, kí ó fara ti ògiri, garawa ń bọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó máa gòkè bọ̀, kí ó má bèèrè ìdí. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní òfin náà lọ́dún tí ó fẹ́ ẹ.

Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọkọ rẹ̀ fa okùn náà padà, gbì. Kò fẹ́. Ìyàwó tún fà á. Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í hó láti ìsàlẹ̀. Kò já gaara, ṣùgbọ́n ìyàwó mọ èébú bí ó bá gbọ́ ọ. Ó yí okùn mọ́ ìdí igi kan lẹ́bàá kànga, ó fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, ó fà á títí tí ọkọ rẹ̀ kò fi lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Bí ìlà yìí kò bá jẹ́ nǹkan kan ńkọ́? Ṣebí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń là. Okùn ń bó o ní àtẹ́lẹwọ́. Kò fi í sílẹ̀.

Nígbà tó yá, okùn dẹ̀. Ọkùnrin náà ti ń fi ẹsẹ̀ wá ihò ara ògiri kànga, ó ń gòkè bọ̀.

"Ó ku ìwọ̀n apá kan," ni ó wí bí orí rẹ̀ ṣe yọ. "Ó ku ìwọ̀n apá kan péré kí n kan omi, o fà mí jáde. Àbí ọ̀tá mi ni ọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Òun náà ti sọ irú rẹ̀ sí Ọlọ́run rí, lórí ìkúnlẹ̀, ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí ilé-ìwòsàn tó ní kí ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé yọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí òun ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí iṣẹ́ náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé omi tí ènìyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Kò tù ú nínú. Láti ìgbà náà, bí ìdílé bá ń gbàdúrà, ojú lásán ni ó ń dì.

Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. Ó nawọ́ sí ilẹ̀. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó ti ìka bọ inú ìlà náà. Ìlà náà gbé ìka mì dé oríkèé kejì. Ó dìde pẹ̀lẹ́, ó fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn.

Wọ́n dúró lẹ́nu géètì. Ilẹ̀ kò wó. Onílé dé, ó wo ilẹ̀, ó wo oòrùn, ó pòṣé, ó sì pe àwọn elẹ́rọ.

"Ó lè má wó rárá," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ó lè má wó lóòótọ́."

Ọkùnrin náà gbá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ náà. Awọ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń yọ. "Bí mo ṣe bú ọ tó yẹn, o ò fi okùn náà sílẹ̀."

"Mo ti gbọ́ èébú yín tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó lọ wá omi tí yóò fi wẹ ọwọ́ náà fún un.

Obìnrin náà jókòó sórí òkìtì erùpẹ̀. Ní gbogbo oṣù márùn-ún yẹn, kò wá sí i lọ́kàn rí pé ọwọ́ lè máa dun ẹni tó ń fa ènìyàn. Kò tíì mọ ìdí tí a fi fa òun kúrò níbi iṣẹ́ ilé-ìwòsàn yẹn. Ẹnikẹ́ni kò fi ìlà kankan han òun. Ó gbé ojú sókè. Ó kàn bá Ọlọ́run jókòó jẹ́ẹ́, bí ènìyàn ṣe ń jókòó ti ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ń bú láti ọjọ́ pípẹ́.