Èsì Tó Sùn Nínú Àpótí

Ọjọ́bọ̀ ni ìwé náà dé wọ́ọ̀dù, oògùn sì ti wọ ara ìyá láti Ọjọ́rú. Ọmọ tí ìyá náà bí gan-an ló gbé e wá. Òun ni akọ̀wé yàrá fáìlì nílé ìwòsàn yẹn. Ó gbé àpótí èsì mọ́ àyà láti ibùsùn dé ibùsùn, ó ń pín in bí ẹni ń pín lẹ́tà ìfẹ́, títí ó fi kan orúkọ ìyá rẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tuntun ni, èyí tó ń wo ohun tí èèyàn jogún lára àwọn òbí rẹ̀, tó sì ń sọ oògùn tí ara rẹ̀ lè gbà. Ìwé náà ní kí wọ́n má fún ìyá ní oògùn ìrora tí gbogbo èèyàn ń lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí kíá ni ara rẹ̀ ń sọ ọ́ di líle ju bó ṣe yẹ lọ. Lánàá tí wọ́n ṣe orúnkún rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fún un. Oorun gbé e lọ, èémí rẹ̀ ń dín kù, nọ́ọ̀sì ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ wo ọjọ́ tí èsì jáde: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ pé kí gbogbo èsì máa péjọ sínú àpótí, kí òun tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n jáde pa pọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Wọ́n tiẹ̀ yìn ín fún un.

"Kí ló dé tó o dúró gbagidi?" ni ìyá wí. "Àbí orúnkún mi ti sá lọ ni?"

"Màámi, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí n máa sunkún ni? Látìgbà tí mo ti bí ẹ, mi ò tíì sùn tó bí mo ṣe sùn lánàá."

Ó jókòó, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ìyá, tó ti fi ogójì ọdún ránṣọ, gbé ìwé náà sún mọ́ ojú bí ẹni ń wá ihò abẹ́rẹ́.

"Ìwé tó o ní àwọn dókítà àgbà fẹ́ fi mọ̀ bóyá àyẹ̀wò yìí wúlò ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń kọ ọ́. Wọ́n á jókòó lé e lọ́la. Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀: ṣé èsì yí ìtọ́jú padà? Ìdáhùn 'bẹ́ẹ̀ kọ́' ti pọ̀ jù. Wọ́n fẹ́ pa àyẹ̀wò náà tì."

"Kọ 'bẹ́ẹ̀ kọ́' sí tèmi náà. Kì í ṣe irọ́. Má fọwọ́ ara ẹ ba iṣẹ́ ẹ jẹ́. Ìwọ tí o ò lè rán bọ́tìnì, ta ló máa gbà ẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó tún ìrọ̀rí ìyá ṣe, ó padà sí yàrá fáìlì. Ó kó fáìlì gbogbo àwọn tí ìdáhùn wọn jẹ́ 'bẹ́ẹ̀ kọ́' jáde, ó fi ọjọ́ tí èsì jáde wé ọjọ́ tí wọ́n fún aláìsàn lóògùn. Pẹ̀lú ti ìyá, mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Ní ti mẹ́rìnlá nínú wọn, inú àpótí rẹ̀ ni èsì wà nígbà tí oògùn ń wọ ara. Ó jókòó, ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, kó tó fa bírò yọ.

Ní ọ̀sán, ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ìyá wo ojú rẹ̀, ó mọ̀.

"O ò gbọ́ tèmi."

"Mi ò gbọ́, Màámi. Mo kọ ọ́ pé àyẹ̀wò náà kọ́ ló kùnà, lọ́dọ̀ yín àti lọ́dọ̀ àwọn mẹ́tàlá mìíràn, àti pé èmi ni mo dá èsì dúró sínú àpótí. Mo fọwọ́ sí i, mo sì ti gbé e fún dókítà àgbà."