Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Jẹnẹrétọ̀ Bo Iná Mọ́lẹ̀ ní Ìdí-Àgbọn

Kò sí ẹni tó gbàdúrà iná tó àwọn ará Ìdí-Àgbọn ní Ajah, kò sì sí ẹni tí àdúrà gbígbà bà nínú jẹ́ tó wọn. Nígbà tí iléeṣẹ́ iná kéde pé àdúgbò náà ti wọ Bándì A, ìyẹn àwọn tí yóò máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnjọ tó jẹ́ Ṣíámáànù àdúgbò pa màlúù. Pásítọ̀ gbàdúrà, lèmọ́mù gbàdúrà, wọ́n jó títí bàtà àwọn kan fi já. Ayọ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè iye tí wọn yóò máa ta ẹyọ iná kan fún wọn.

Oṣù kan ni ayọ̀ náà gbé. Owó iná ti fò di ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ sì mọ bí a ṣe ń lo iná nílùú yìí. A máa ń fi gbogbo swíìṣì sílẹ̀ ní títàn ká lè mọ ìgbà tí wọ́n bá mú iná dé. Tó bá dé, a ó sáré fa omi, a ó sáré lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí a mọ̀ pé kò ní pẹ́ lọ. Iná wá dé, kò lọ mọ́, àwọn èèyàn mi ṣì ń sáré. Ìyàwó Ṣíámáànù lọ aṣọ títí aṣọ tán, ló bá lọ kọ́tìnì, ló bá tún lọ ìnusẹ̀. Ìgbà tí owó tán, tí mítà bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ọmọ adìyẹ ni ojú wọn tó là, tí wọ́n wá ń pa ohun gbogbo. Bàbá Samson, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, padà sí àbẹ́là. Iná wà lórí wáyà, àwọn èèyàn sì jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ra.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ fún. Fàúsátù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àṣírù, ń ta ẹja yìnyín. Ọmọ onílẹ̀ ni. Ibi tí ilé Ṣíámáànù wà yìí gan-an ni bàbá rẹ̀ ti ń da àwọ̀n kí wọ́n tó fi yanrìn dí ọ̀sà. Omi lọ, ẹja bá omi lọ, ohun tó kù fún ọmọ apẹja ni fíríìsà mẹ́rin tó kún fún títús, kòtè àti ṣàwá. Kí Bándì A tó dé, epo dísù ló ń jẹ gbogbo èrè rẹ̀ nínú jẹnẹrétọ̀ ńlá kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ náà dákú fún ọjọ́ méjì. Fàúsátù gbẹ́ kòtò, ó sin ẹja fíríìsà mẹ́ta sínú rẹ̀, ó sì sunkún lórí kòtò náà bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Lóòótọ́, iná tuntun yìí wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń san án, ó sì ń rí nǹkan díẹ̀ jẹ lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá dá iná padà sí wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, òwò rẹ̀ parí nìyẹn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú.

Ìdí nìyí tí ọkàn rẹ̀ fi já lọ́jọ́ tí Ṣíámáànù pe ìpàdé.

"Mo ti kọ lẹ́tà sí wọn," ni Ṣíámáànù wí. "Mo ní iná tí à ń rí ò tó ogún wákàtí rárá, kí wọ́n dá wa padà sí bándì ìsàlẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré. Wọ́n ń rán ẹnjiníà bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti wá fojú ara wọn rí i."

"Ṣùgbọ́n à ń rí iná o," ni Bàbá Samson sọ. "Ti àná tó wákàtí méjìlélógún."

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ràn àbẹ́là yẹn ni?" ni Ṣíámáànù bi í.

Bàbá Samson padà jókòó.

Ṣíámáànù tú ètò rẹ̀ palẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kí oníkálùkù pa swíìṣì ńlá ilé rẹ̀. Ìṣòro kan ló kù. Tiransífọ́mà tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò máa ń kùn, ẹni tó bá sì dúró lábẹ́ rẹ̀ yóò mọ̀ pé iná wà. Àfi kí wọ́n wá ariwo tó máa bo ariwo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló sì lè ṣe é, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti ta jẹnẹrétọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pa màlúù. Fàúsátù nìkan ló ń fi tirẹ̀ pamọ́. Ẹni tó ti sin ẹja rí kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bàbá Samson yìí náà ló kọ́ Àṣírù ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́, títí ọmọ náà fi rí iṣẹ́ sí èbúté Lẹ́kí. Ṣé yóò wá sọ fún un pé kó jókòó sínú òkùnkùn kí ẹja òun lè tutù?

"Ẹ wá gbé e," ló sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin mẹ́rin ti jẹnẹrétọ̀ náà dé ìdí tiransífọ́mà, wọ́n sì tan án. Ariwo gba gbogbo àdúgbò. Ṣíámáànù, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú gbogbo yàrá títí kan ibi tí wọ́n ń kó ìrẹsì sí, bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó ya lápá, ó ń làágùn. Òógùn yẹn kì í ṣe irọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé àtùpà dání ní ọ̀sán gangan. Fàúsátù ti fi tapólì bo fíríìsà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kí Ọlọ́run dárí ji òun, òun ò lè pa wọ́n.

Láti ọ́fíìsì tó wà ní Igbó Ẹfọ̀n ni ẹnjiníà ti wá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tolúwani, ó dé akoto funfun sórí. Ó wọ ilé mẹ́rin, ó tẹ swíìṣì, nǹkan kan ò tàn. Ó rí àtùpà lọ́wọ́ ìyàwó Ṣíámáànù, àánú ṣe é.

"Ah, ẹ mà ń suffer o, mà," ló kígbe lórí ariwo jẹnẹrétọ̀. "Ogún wákàtí kọ́ rèé rárá. Mo máa ní kí wọ́n já yín sílẹ̀ sí bándì ìsàlẹ̀."

Ó yọ fọ́ọ̀mù, ó ṣí bírò. Fàúsátù ti ń ronú èyí tí yóò kọ́kọ́ lù ta ní gbàǹjo, bóyá ṣàwá ni, bóyá kòtè. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ayọ̀ ti gun Ṣíámáànù ní orí.

"Ẹnjiníà, ẹ ò lè lọ báyìí o! Ẹ ò tíì mu omi."

"Rárá, sà. Ẹ ṣé, mo dúpẹ́."

"Èèwọ̀! Àlejò kì í wá sí Ìdí-Àgbọn kó má mu omi. Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ yín pé kí la fi ṣe yín lálejò, a ó sì tẹ́." Ó yíjú padà. Fíríìjì tirẹ̀ ti di ibi ìkóbàtàsí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Ìyá Àṣírù! Ẹ bá wa bu omi wá fún àlejò!"

Fàúsátù wò ó. "Omi báwo, sà?"

"Omi tútù ni o! Ṣé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ nínú oòrùn yìí? Ẹ má dójú tì wá."

"Kó tutù dáadáa, sà?"

"Ah-ah! Ìyá Àṣírù, ṣé mo ń sọ èdè Lárúbáwá ni? Kó tutù dáadáa!"

Fàúsátù wọ ṣọ́ọ̀bù. Omi inú ọ̀rá wà lórí tábìlì, kò tutù, kò gbóná. Ike omi kan sì wà nísàlẹ̀ fíríìsà, lábẹ́ títús, tó ti di òkúta. Ó dúró sí àárín méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀. Ó gbé ike inú fíríìsà sórí àwo, ó nu ara rẹ̀ mọ́, ó sì gbé e fún àlejò pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Tolúwani gbá ike náà mú, ọwọ́ rẹ̀ fò sókè. Ó dorí rẹ̀ kodò, ẹ̀kán kan ò jáde. Ó fi lu etí àwo, ó dún kó, kó, kó.

"Jẹnẹrétọ̀ yẹn ló ṣe é!" ni Ṣíámáànù sáré wí. "Jẹnẹrétọ̀ wa lágbára!"

Ẹnjiníà wo jẹnẹrétọ̀, ó yí i po. "Wáyà ẹ̀ dà, sà?"

Gbogbo wọn wò ó. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, ó ń tu èéfín, kò sì so mọ́ ilé kankan. Nínú gbogbo ọgbọ́n wọn, kò sí ẹni tó rántí wáyà.

"Ẹ bá mi pa á."

Wọ́n pa á. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́, tiransífọ́mà wá gbohùn sókè: ùùùùùn. Ìyàwó Ṣíámáànù ò mọ̀ bóyá kí òun pa àtùpà ni àbí kí òun gbé e dání lọ.

"Màámi, ìgbà wo lẹ gbé omi yìí sí fíríìsà?" ni Tolúwani bi Fàúsátù.

"Ọjọ́ Àìkú, ọmọ mi."

"Ṣé ó ti yọ́ rí látìgbà náà?"

Fàúsátù wo Bàbá Samson. Bàbá àgbà náà mi orí sí i pé kó sọ òtítọ́.

"Kò yọ́ rí," ni Fàúsátù dáhùn.

Tolúwani rẹ́rìn-ín títí akoto rẹ̀ fi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ya fọ́ọ̀mù náà. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, Bándì A ni yín pátápátá. No shaking." Ó sì mú yìnyín rẹ̀ wọ mọ́tò.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹnikẹ́ni ò fi kí Fàúsátù. Ṣíámáànù ní ó ta àdúgbò lọ́pọ̀. Fàúsátù ní, "Ṣebí ẹ ní kó tutù dáadáa, sà." Ṣùgbọ́n ó dun ún. Ó jókòó láàárín ẹja rẹ̀ tó le koko, inú rẹ̀ dùn, ojú sì ń tì í, kò mọ èyí tí yóò gbá mú.

Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá Samson wọlé pẹ̀lú ìkòkò kékeré. "Ọbẹ̀ ni," ló wí. "Mi ò lágbára àtitan fíríìjì mọ́, yóò sì kan tó bá di ọ̀la. Ṣé àyè wà?" Fàúsátù gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan gbé ilá wá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, fíríìsà kẹrin ti di ti àdúgbò. Abọ́ kún inú rẹ̀, oníkálùkù kọ orúkọ rẹ̀ sórí púlásítà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí.

Ṣíámáànù ló dé gbẹ̀yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé kúlà wá, ó fi ìwé ìròyìn bò ó, kò wo ojú Fàúsátù.

"Ẹ̀gúsí ni," ló wí.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu Fàúsátù, ó dùn bí oyin. Ó gbé e mì. Ó ṣí fíríìsà, ó sún àwọn abọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún ara wọn, ó sì gbé ti Ṣíámáànù lé orí ti Bàbá Samson.

Ṣíámáànù ò lọ. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń wo fíríìsà, ó ń wo wáyà òkè.

"Ìyá Àṣírù," ló wá sọ jẹ́jẹ́, "ṣé iná ò ní lọ báyìí?"