Irúgbìn Ilá Ìyá Ọkọ Mi

Ó ti rẹ̀ mí, mi ò ní purọ́. Kì í sì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló fà á.

Ìyá ọkọ mi ló fún mi ní irúgbìn ilá yẹn lọ́dún tí mo wọlé ọkọ n'Ìwó. Ó kúrú, ó sanra, ó sì ń yọ̀ débi pé ẹni tó bá fi jẹun á gbàgbé ẹran. Lọ́dọọdún, mo máa ń fi àkọ́so rẹ̀ sílẹ̀ kó gbó, kó gbẹ, màá wá so ó kọ́ sókè ààrò. Èéfín ní í lé kòkòrò. Ilá àgíríìkì tí ò yọ̀ ló wá kún ọjà báyìí, tèmi nìkan ló ṣẹ́kù.

Abdulsobur ọmọ mi wá ra gáàsì. Ó ní, "Màámi, èéfín ń ba ojú yín jẹ́." Mo ṣàdúrà fún un títí ẹnu fi ń ro mí. Ta ló rántí ilá? Ọdún méjì ni ò sí èéfín nílé ìdáná mi, orúnkún ò sì jẹ́ kí n lọ sóko.

Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí Kọ́ládé dé. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn àtijọ́ sínú òtútù kó má bàa parun ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní láti Ilé-Ogbó lòun ti ń béèrè ilá mi bọ̀. Mo tú okùn. Súbúhánalláhì! Kòkòrò ti sọ gbogbo rẹ̀ di ìyẹ̀fun. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

"Màmá, ṣé ẹ ò fún ẹnikẹ́ni rí?"

Ẹnì kan ṣoṣo ni, Fàtímọ̀, orogún mi. Ọbẹ̀ ilá yẹn ni baálé wa fi ń pọ́n mi lé, Fàtímọ̀ sì bẹ̀ mí títí kí n tó fún un. Ọdún kẹjọ rèé. Nígbà tí baálé wa kú, ó padà sí Kuta, ìlú rẹ̀. Mi ò fẹ́ lọ, àmọ́ Kọ́ládé ti pe kẹ̀kẹ́.

Fàtímọ̀ kúnlẹ̀ fún mi, àgbà òun náà! "Ìyálé mi, ẹ káàbọ̀. Ilá tẹ́ ẹ fún mi, mo gbìn ín, ọ̀kan ò hù. Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ni ò dáa." Ó wọ yàrá, ó mú akísà dídì kan jáde. "Mo fi díẹ̀ pamọ́, torí ẹ̀yin lẹ fún mi."

Kọ́ládé tú u. Odindi ni wọ́n. "Bí ọ̀kan bá ṣáà hù nínú rẹ̀, ó ti tó!" Ó ń kọ orúkọ Fàtímọ̀ sínú ìwé, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Mo ti rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí. Mo lè dákẹ́ o, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí.

"Kọ́ládé, pa ìwé yẹn dé. Fàtímọ̀, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Mo yan án nínú agbada kí n tó fún ọ."

Fàtímọ̀ gba akísà náà lọ́wọ́ Kọ́ládé, ó sì tún un dì.